Ìyá Fọ́tò àti Òjìji Aláàsárì

Ìyá àgbà mi, tí gbogbo Ìlá ń pè ní Ìyá Fọ́tò, kì í ya ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín. Tí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ìlá, tí o jókòó sórí àpótí, tí o wá fi eyín síta, wọ́n á gbé ọwọ́ kúrò lára kámẹ́rà, wọ́n á máa wò ọ́ títí ẹ̀rín náà á fi tán lẹ́nu rẹ. Wọ́n ṣe é fún ìyàwó tuntun, wọ́n ṣe é fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lo fọ́tò fún ìdánwò, wọ́n sì ṣe é fún olóṣèlú kan tó wá ya èyí tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri ìlú. Wọ́n ní ẹ̀rín kì í pẹ́ lójú èèyàn, ẹni tí a bá sì yà níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, irọ́ la pa mọ́ ọn. Olóṣèlú yẹn bínú lọ. Nígbà tó padà wá lọ́jọ́ kejì, ojú tó gbé wá le bí ojú ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù, wọ́n sì yà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Èyí tóo gbé wá lónìí, tìẹ ni."

Wọ́n ti lọ báyìí. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá ni wọ́n kú, lórí ẹní tí wọ́n fi ń kírun, a sì sin wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú gẹ́gẹ́ bí àṣà àwa Mùsùlùmí. Àwọn ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sílẹ̀, nítorí pé èmi ni mo bá wọn ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Mi ò lè kọ ìyẹn. Mi ò mọ ọjọ́ tí a bí wọn, àwọn fúnra wọn ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni bí wọ́n ṣe máa ń dúró.

Ọ̀rọ̀ ìdúró yìí bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé kíkọ́. Ní Ìlá, a kì í sábà kọ́lé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó wà ní Èkó tàbí lókè òkun á ránṣẹ́ sílé, àbúrò rẹ̀ á bá birikilà sọ̀rọ̀, ògiri á ga díẹ̀, òjò á pa á, ó di ọdún mìíràn. Ọkùnrin kan wà tí àbúrò rẹ̀ ń ya ilé onílé ránṣẹ́ sí i lókè òkun. Nígbà tó wálé ọdún Iléyá, koríko ló bá lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Àgbà ló gbà lọ tààrà. Ó ní kí wọ́n bá òun máa ya ilẹ̀ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí òun lè máa fi ojú ara òun rí i.

Ìyá Àgbà kan irin kan mọ́lẹ̀ ní òdìkejì títì. Ẹ̀yìn irin yẹn ni wọ́n ń dúró sí ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kámẹ́rà á wà ní ọ̀gangan àyà wọn, igi máńgòrò aládùúgbò á sì wà létí fọ́tò lápá ọ̀tún. Tí o bá to àwọn fọ́tò náà léra bíi káàdì, tí o fi àtàǹpàkò ṣí wọn yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀, ìpìlẹ̀ á jáde, ògiri á dìde, páànù á gun orí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì parí kí o tó mí kanlẹ̀. Fọ́tò ojú kan ni wọ́n ń pè é. Inú àbúrò onílé ò dùn sí i. Ó fa irin náà tu, ó sọ ọ́ sínú igbó. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, Ìyá Àgbà mú fọ́tò ọ̀sẹ̀ tó kọjá dání, wọ́n ń sún síwájú, wọ́n ń sún sẹ́yìn, títí igi máńgòrò fi bọ́ sí ibi tó máa ń wà. Ọkùnrin náà dúró tì wọ́n, ó ń wò. Wọ́n sọ fún un pé, "Ibi tí mò ń dúró sí ò sí nínú ilẹ̀ tóo tú yìí. Inú fọ́tò ló wà."

Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ Ìlá tó wà lájò ò gba fọ́tò ilé lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́.

Gbogbo ọmọ Ìgbómìnà ló mọ ìtàn ògbó, àdá tí baba ńlá wa gbé dání kúrò n'Ífẹ̀, tó ń fi ọ̀nà hàn án títí tó fi tẹ̀ dó. Ògbó mi mọ̀nà, wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ wa ti wá. Ráfíù, ọlọ́kadà tó ń gbé Ìyá Àgbà kiri, ọkùnrin tó ti níyàwó tó sì ti bímọ, kọ ÒGBÓ MỌ̀NÀ gàdàgbà sára ọ̀kadà rẹ̀. Ó fẹ́ràn láti máa já ọ̀nà àbùjá. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà àbùjá gbé àwọn méjèèjì já sínú oko ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbọn ìró wọn, wọn ò sì bú u. Ohun tí wọ́n sọ ni, "Ráfíù, ògbó mọ̀nà lóòótọ́, àmọ́ ojú kan làdá ń ní."

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn yanjú ohun gbogbo lẹ́yìn náà. Bí mo bá ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò pààrọ̀ ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti ń ra ata, kí ló dé tí wọn ò ní kó wá bá ìyá mi gbé n'Íbàdàn, ojú kan làdá ń ní. Ó máa ń sú mi.

Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mò ń ṣe. Ilé iṣẹ́ wa ló gba iṣẹ́ àwo ńlá kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí òkè lẹ́yìn Òkè-Ìlá, èyí tó ń gba àwòrán àti ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó ń yí ayé po lókè lọ́hùn-ún. Àwọn ará Òkè-Ìlá sọ ọ́ ní Agbada, nítorí pé ó jọ èyí tí wọ́n fi ń yan gàrí. Ọ̀gá wa, tí kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù mí lọ, fẹ́ kí a máa ya iṣẹ́ náà lójoojúmọ́ láti ibì kan náà, kí a lè sọ ọ́ di fíìmù tí iṣẹ́ ọdún bíi mélòó kan yóò fi kọjá lójú èèyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà kan wá tó ń ya fúnra rẹ̀. Ọyẹ́ dé, eruku bo ojú rẹ̀, kò sí ẹni tó rántí nù ún. Nígbà tí a máa wò ó, gbogbo fọ́tò ti pọ́n bí omi ẹrẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo dárúkọ Ìyá Àgbà.

Mo ti fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ hàn wọ́n rí lórí fóònù, èyí tí àwọn òyìnbó kan yà nígbà tí wọ́n ń to ilé gogoro tí wọ́n ti ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sójú ọ̀run. Irin ń gun ara wọn, òru ń di ọ̀sán, kùrukùru ń sáré kọjá. Mo rò pé ẹnu máa yà wọ́n. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kí n tún un ṣe, wọ́n sún mọ́ fóònù. Wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló ń nu ojú ẹ̀?"

Birikilà gbé òpó kúkúrú kan ró sórí àpáta tó dojú kọ òkè, a fi irin pẹlẹbẹ kan sórí rẹ̀ tó ní ihò mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kámẹ́rà á wọ inú wọn dáadáa, kò ní lè yẹ̀. Àkísà funfun kan wà létí ìró Ìyá Àgbà, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Òun ni wọ́n fi ń nu ojú kámẹ́rà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò kan ṣoṣo ni lójúmọ́. Wọn kì í yà á lẹ́ẹ̀kejì, ì báà ṣe pé ẹyẹ fò kọjá níwájú rẹ̀.

Àkókò tí wọ́n fi ń yà á ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀gá wa ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyá Àgbà ní àwọn ti gbọ́. Létí tiwọn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìrun Aláàsárì, bí gbogbo ará ilé wa ṣe máa ń pè é láti kékeré mi: "Wá bá mi láago mẹ́rin," ìyẹn ni pé tí a bá ti kírun tán. Lójoojúmọ́, Ráfíù á gbé wọn dé mọ́sáláṣí kékeré tó wà nísàlẹ̀ òkè, wọ́n á kírun, wọ́n á gun òkè, wọ́n á ya fọ́tò. Kò sí ẹni tó rí àléébù nínú rẹ̀ títí ààwẹ̀ fi dé. Nígbà ààwẹ̀, lèmọ́mù ibẹ̀ máa ń ṣe wàásù lẹ́yìn Aláàsárì, wàásù tí kì í yá parí. Ìyá Àgbà ò sì lè dìde nígbà tí wọ́n bá ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ to àwọn fọ́tò náà pọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, irin Agbada ń ga sókè, òjìji rẹ̀ wà nílẹ̀ níbi tó máa ń wà. Lójijì, òjìji náà gùn. Ó gùn bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ó bá ti tẹ́ lèmọ́mù lọ́rùn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì padà kúrú. Ọ̀gá wa rò pé kámẹ́rà ló bàjẹ́. Èmi ni mo wo ọjọ́ tó wà lára àwọn fọ́tò náà tí mo rí i pé ààwẹ̀ la ń wò.

Ọ̀gá wa lọ bá wọn. Ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́, ó kúnlẹ̀ pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọkùnrin Ìjẹ̀bú ni, ìdọ̀bálẹ̀ ì bá sì tó.

"Màmá, aago mẹ́rin la jọ sọ."

"Aláàsárì ni mo gbọ́."

"Aago mẹ́rin kọ́ ni Aláàsárì, Màmá."

"Nílùú wa níbí, òun ni."

Ó bẹ̀ wọ́n pé bí ààwẹ̀ mìíràn bá dé, kí wọ́n máa dìde díẹ̀ kí wàásù tó parí. Wọ́n bi í léèrè bóyá àwọn tó fẹ́ wo fíìmù náà ò ní í gbààwẹ̀ ni. Ó padà dé ọ́fíìsì, ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé kó má jẹ́ kí Ìyá Àgbà rí ẹ̀rín yẹn.

Ẹ má rò pé èèyàn mímọ́ ni wọ́n. Wọ́n le lórí. Nígbà tí àbúrò mi ń ṣègbéyàwó n'Íbàdàn, wọn ò lọ, nítorí pé wọn ò ní lè dé òkè kí Aláàsárì tó kọjá. Mo ní Ráfíù lè ya ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n kọ̀. Ìyá mi, tí í ṣe ọmọ wọn, kò pè wọ́n lórí fóònù títí òjò ọdún náà fi dá. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ni, "Gbogbo ayé ló máa ya ìyàwó. Èmi nìkan ló ń ya òkè." Inú bí mi nígbà náà, inú sì ń bí mi díẹ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ dúró. Àwọn ẹ̀yà Agbada tó yẹ kó ti òkè òkun dé há sí èbúté, àwọn òṣìṣẹ́ padà sílé wọn, koríko bo ibi gbogbo. Ọ̀gá wa ránṣẹ́ pé kí Ìyá Àgbà sinmi, pé a ó pè wọ́n tí iṣẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí ọ̀gá ṣeun, wọ́n sì ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú òjò, Ráfíù á bá wọn gbé agbòjò dání. Mo bá wọn gun òkè lọ́jọ́ kan láti lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n lè yà. Ewúrẹ́ kan ń jẹ lábẹ́ irin. Wọ́n nu ojú kámẹ́rà tán, wọ́n ní, "Sìkírá, koríko ń hù."

Ọ̀kan nínú ohun tó mú mi fẹ́ràn wọn ni pé wọn ò ka ohun tí wọn ò mọ̀ sí idán. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún wọn lọ́jọ́ kan pé sátẹ́láìtì tí Agbada ń dúró dè máa ń kọjá lórí ibi gbogbo ní nǹkan bí àkókò kan náà lójú oòrùn, kí òjìji inú àwòrán tó ń yà lè máa bá ara wọn mu. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ohun tí mi ò sábà rí. Wọ́n ní, "Òun náà ní Aláàsárì tiẹ̀ nìyẹn." Wọ́n wá bi mí bóyá ó máa ń dúró gbọ́ wàásù.

Ẹrù dé nígbẹ̀yìn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, ọjọ́ ìṣílé sì ń sún mọ́lé. Àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀ láti Àbújá, a ó sì fi fíìmù náà hàn lára ògiri. Ọ̀gá wa sọ fún mi pé kí n yọ gbogbo ọjọ́ koríko kúrò, kí n yọ ọjọ́ ààwẹ̀ náà, kí iṣẹ́ lè máa ṣàn lọ gẹ́gẹ́ bí omi. Mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tí Ìyá Àgbà fi gbọ́, mo sì mọ̀ pé ẹnu Ráfíù ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ìborùn funfun wọn bọrùn, wọ́n wá sí ọ́fíìsì wa fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n jókòó níwájú ọ̀gá. Wọ́n ní kó fi àwọn ọjọ́ tó fẹ́ yọ han àwọn.

Ó gbé koríko sójú kọ̀ǹpútà. Ó ń gòkè, ewúrẹ́ ń wọlé, ewúrẹ́ ń jáde.

Ìyá Àgbà tọ́ka sí i. "Ọ̀gá, ibo lẹ wà lọ́jọ́ yìí?"

Ó ní Èkó lòun wà, ní èbúté, lórí ẹrù tó há.

"Èyí ńkọ́?"

Ó ní ibẹ̀ náà ni. Ó ní inú ọkọ̀ lòun ń sùn ní ọ̀pọ̀ ìgbà nínú oṣù yẹn, nítorí pé bí òun bá kúrò níbẹ̀ wọ́n á ti fáìlì òun sẹ́yìn. Mi ò gbọ́ ọ rí. Ó ń wo ewúrẹ́.

Ìyá Àgbà ní, "Nígbà náà, iṣẹ́ lẹ wà. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ yìí pa yín rẹ́ ni?"

Wọ́n dìde, wọ́n ní Aláàsárì ti ń lọ. Mo ti ronú lórí ọjọ́ yẹn púpọ̀, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni mo ti rí wọn tán, bí èèyàn ṣe ń rí ẹlòmíràn tán. Bí gbogbo wa ti ń wo òkè, àwọn ló rí ọkùnrin tó sùn sínú ọkọ̀ ní Èkó, láìjẹ́ pé wọ́n dé Èkó. Ọ̀gá wa ní kí n fi koríko sílẹ̀. Lórí ọjọ́ ààwẹ̀, ó ní ká ṣì rò ó ná, pé àwọn àlejò lè máa rò pé kámẹ́rà wa ò dáa. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn dé.

Òkè-Ìlá ni mo wà nígbà tí wọ́n pè mí láàárọ̀. Mo dé Ìlá, wọ́n ti wẹ̀ wọ́n. A kírun sí wọn lára lẹ́yìn Àìlá, ìrun ọ̀sán, a sin wọ́n sẹ́yìn ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn. Ìyá mi ti Ìbàdàn dé bá ilẹ̀ tútù, ó sì jókòó síbẹ̀. Àwọn àfáà ń ṣe àdúà, àwọn èèyàn ń kí wa, mo ń dáhùn. Ladáànì pe Aláàsárì. Mo kírun pẹ̀lú àwọn obìnrin, mo sì tún jókòó, nítorí pé àwọn àgbà mìíràn tún ti dé. Mo gbójú sókè, mo rí Ráfíù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi báàgì kámẹ́rà kọ́rùn. Kò wọlé, ó kàn ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá dìde, ọjọ́ yìí gan-an ni fíìmù wọn máa já, ọjọ́ tiwọn.

N kò lè dìde lórí àdúà. Mo jókòó títí àfáà tó gbẹ̀yìn fi ṣàmín. Ọ̀nà àbùjá ni Ráfíù gbà, ògbó sì mọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí a máa gun àpáta náà, oòrùn ti rẹlẹ̀, òjìji Agbada ti gùn kọjá ibi tí a ti ń po sìmẹ́ǹtì. Mo fi ẹsẹ̀ kámẹ́rà sínú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ráfíù mú àkísà funfun náà jáde nínú báàgì, ìyá mi ló tú u fún un lára ìró tí àwọn tó wẹ̀ wọ́n bọ́ sílẹ̀. Mo nu ojú kámẹ́rà, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo wá sunkún níbẹ̀, Ráfíù sì kẹ̀yìn sí mi kí n lè sun ún tán.

Láti ọjọ́ kejì, èmi tàbí Ráfíù ló ń yà á títí Agbada fi parí. Nígbà tí mo to gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá wa, ó rí i pé òjìji kan fò gùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì padà. Ó bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní ọjọ́ tí a sin Ìyá Fọ́tò ni. Ó ní kí n gbé e padà, ó tún un wò. Ó ní kí n má yọ nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ ìṣílé, àwọn èèyàn Àbújá jókòó níwájú, àwọn ará Òkè-Ìlá dúró lẹ́yìn. Fíìmù náà kì í sáré púpọ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ò ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ. Wọ́n rí ewúrẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹni tó ni ewúrẹ́ náà sì pariwo pé tòun ni. Nígbà tí òjìji gùn, ìyá arúgbó kan sọ fún àwọn tó yí i ká pé ààwẹ̀ nìyẹn, pé wàásù lèmọ́mù la ń wò. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Ààwẹ̀ kejì dé, gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n, wọ́n jọ dárúkọ rẹ̀. Agbada ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí òjìji náà tún fò lẹ́ẹ̀kan, tó sì kúrú padà lójú ẹsẹ̀.

Ìyá arúgbó náà bi àwọn tó yí i ká pé, "Ààwẹ̀ ọjọ́ kan kẹ̀? Ta ló gba ìyẹn?"

Ráfíù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò yíjú padà. Ó ní, "Àwa ni, Ìyá."